Ọkọ̀ Tí Alákòóso Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Yàn

Ẹ jókòó, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ẹ fẹ̀yìn tì, kí ẹ na ẹsẹ̀, torí pé nínú iléeṣẹ́ tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí, ìjókòó ṣọ̀wọ́n. Tí Alákòóso bá wọlé, gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde. Tó bá ń jáde, wọ́n á tún dìde. Tó bá sín nínú yàrá tirẹ̀, tí ìró rẹ̀ gba ara ògiri kọjá, àwọn tó mọ ohun tó ń gbé èèyàn dé ipò ńlá á dìde, wọ́n á sì kí ògiri pé kó pẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ̀gá náà ní Ẹ-Dìde, àmọ́ wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ yọjú wo ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn.

Iṣẹ́ iléeṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ìtọ́jú aláboyún ni. Agbẹ̀bí kan wà níbẹ̀, obìnrin ńlá kan tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Òun ló ń gbẹ̀bí káàkiri ìlú. Tí ìrọbí bá le ju agbára rẹ̀ lọ, wọ́n á gbé obìnrin náà sínú ọkọ̀ iléeṣẹ́, ó di ilé ìwòsàn ńlá tó wà lẹ́yìn òkè. Ọ̀nà òkè náà ga, ó sì wọ́, kò sì sí ọ̀nà mìíràn.

Ọkọ̀ ọ̀hún ńkọ́? Ikọ́gbẹ ni wọ́n ń pè é, torí kì í gbéra láìhúkọ́. Lọ́dún tó kọjá, ó gbé ìyàwó bíríkìlà kan, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó jẹ́ pé oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì dákẹ́ sí agbedeméjì òkè. Kí wọ́n tó rí èèyàn tì í, ọmọ ti kú. Agbẹ̀bí ló gbé òkú ọmọ náà sọ̀kalẹ̀, ó fi gèlè orí rẹ̀ wé e. N kò ní fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó bíríkìlà ti tún lóyún báyìí, ikùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀. Agbẹ̀bí ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ti ṣèlérí fún un pé lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ̀ kò ní dúró.

Bó ṣe wọ yàrá Ẹ-Dìde láìkanlẹ̀kùn nìyẹn.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ikọ́gbẹ ti parí. Wágọ̀nù àlòkù kan la nílò, irú èyí tí bùùtù rẹ̀ gùn wọnú, tí obìnrin lè nà gbalaja sí. Kò pọn dandan kó dára lójú. Kó ṣáà ti máa lọ."

Ẹ-Dìde gbé àgbọ̀n sókè. "Agbẹ̀bí, kí ni ọkọ̀?"

"Sà?"

"Mo ní, kí ni ọkọ̀?"

Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń dúró sẹ́yìn àga bí aṣọ tí wọ́n fi kọ́, sáré bọ́ síwájú. "Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n, sà. Àwa kàn máa ń wọ̀ ọ́ ni."

"O káre. Ọkọ̀ ni aṣọ tí ọ̀gá ń wọ̀ lé aṣọ! Tí mo bá sọ̀kalẹ̀, kí ni ará ìlú ń rí? Èmi? Rárá o. Iléeṣẹ́ ni wọ́n ń rí, òfin ni wọ́n ń rí, ọjọ́ ọ̀la ni wọ́n ń rí, tó wọ bàtà! Ṣé inú ohun tó ń húkọ́ ni kí ọjọ́ ọ̀la ti máa sọ̀kalẹ̀? Nítorí náà, a ó ra wágọ̀nù. Èmi fúnra mi ni n óò yàn án. Kí ẹnikẹ́ni má ràn mí lọ́wọ́."

"Ẹ ṣeun, sà," ni agbẹ̀bí wí. "Ẹ ṣáà má gbàgbé òkè."

"Òkè wo ló tún ga ju ibi tí mo wà yìí lọ?" ni Ẹ-Dìde béèrè, akọ̀wé sì pàtẹ́wọ́.

Mo ní láti dá ọ̀rọ̀ dúró díẹ̀, kí n sọ bí ọkùnrin yìí ṣe máa ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti wá. Ọkọ̀ á dúró. Ẹnikẹ́ni kò ní mira. Ẹ-Dìde á jókòó sẹ́yìn, á ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jọ, á máa wo iwájú bí ẹni tó ń wo òkun. Akọ̀wé á bẹ̀rẹ̀ sí í ka oyè rẹ̀ láti orí èyí tó tóbi jù títí dórí èyí tó jẹ nígbà tó ṣe olórí kíláàsì nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ẹ-Dìde á wá mi orí lẹ́ẹ̀kan. Dírẹ́bà á ṣílẹ̀kùn. Bí bàtà bá ti kan ilẹ̀ báyìí, àtẹ́wọ́ á sọ!

Láti ìgbà tó ti gorí àga, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kan ìlẹ̀kùn ọkọ̀ rí. Ó gbà pé ẹni tó bá ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, iṣẹ́ ló ń wá. Dírẹ́bà sì ti mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ àfi tí wọ́n bá bi òun léèrè, wọn kò sì bi í léèrè ohunkóhun rí.

Ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ lọ wò jẹ́ ti káfíńtà kan tó ti ń dàgbà, tí kò gbé pákó lọ sọ́nà jíjìn mọ́. Wágọ̀nù aláwọ̀ eérú ni. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, ìdọ̀tí pákó sì wà ní gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ igi. Agbẹ̀bí gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tutù. Ó ní kí káfíńtà tan án. Káfíńtà yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ọkọ̀ dáhùn bí ẹni tí kò sùn.

"Ó ti gbé igi òrùlé gun òkè yẹn débi pé ó lè dá lọ," ni káfíńtà wí. "Kò já mi sílẹ̀ níbẹ̀ rí. Mi ò ní parọ́ fún yín o, rédíò rẹ̀ ò sọ̀rọ̀ mọ́, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn kan sì máa ń han tí wọ́n bá ṣí i."

Agbẹ̀bí kọjá sẹ́yìn ọkọ̀. Ó ṣí bùùtù, ó bọ́ bàtà, ó wọlé, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ká orúnkún sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Mo ní ó ń rọbí!

"Yéè! Ìdí mi o! Ẹ dì mí mú o!"

Káfíńtà ti sáré di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kó tó rántí pé kò sí oyún níbẹ̀. Ẹ-Dìde fi áńkáṣíìfù bojú.

"Kí nìyí? Níwájú mi?"

"Ibi tí wọ́n máa dùbúlẹ̀ sí ni mò ń dán wò, ọ̀gá," ni ohùn agbẹ̀bí ti inú bùùtù wá. "Ó gbà mí tán pátá. Tó bá gba irú èmi, ìyàwó bíríkìlà á tún ráyè yíra padà. Ẹ jẹ́ ká mú un, ká máa lọ sílé."

Ẹ-Dìde náà dán tirẹ̀ wò. Ó jókòó sẹ́yìn, ó mi orí, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, ìlẹ̀kùn sì han kẹẹ́ẹ́. Ìdọ̀tí pákó ti lẹ̀ mọ́ ìdí agbádá funfun rẹ̀. Ó wo ara rẹ̀ lẹ́yìn, ojú rẹ̀ sì fà ro.

"Ẹni tó bá rí mi níbi tí mo ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú èyí, ṣe ló máa ní kí n wá bá òun kan bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gbé e kúrò lójú mi."

Ibi kejì jẹ́ ọgbà ńlá kan tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ àlòkù. Ọkùnrin tó ni ọgbà náà mọ èèyàn ju bó ṣe mọ ọkọ̀ lọ. Akọ̀wé ti ta á lólobó, nítorí náà nígbà tí Ẹ-Dìde wọlé, gbogbo àwọn tó ń fọ ọkọ̀ níbẹ̀ dìde, wọ́n sì pàtẹ́wọ́, kànìnkànìn ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Omi ta sí àwọn èèyàn lára. Ẹ-Dìde kò tíì rí ibi tí wọ́n ti kọ́ èèyàn dáadáa bẹ́ẹ̀.

Wágọ̀nù dúdú kan wà láàárín, wọ́n ti fi ìpara pa á títí ó fi ń dán bíi dígí. Ẹ-Dìde bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ara rẹ̀ níbẹ̀, ó rí ọkùnrin arẹwà kan tó wọ agbádá, ó sì fẹ́ràn ohun tó rí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò yan ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ara rẹ̀ ló yàn.

Ọkọ̀ náà ti wà ní títàn kí wọ́n tó dé. Agbẹ̀bí gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì tètè já ọwọ́ gbà.

"Ó gbóná janjan! Kí ló dé tí ẹ fi tan án sílẹ̀ dè wá? Ẹ pa á. Kó tutù ná, ká wá wò ó bóyá á tún tan."

"Ìyá mi," ni olówò ọkọ̀ wí, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún Ẹ-Dìde bó ṣe ń bá agbẹ̀bí sọ̀rọ̀, "ṣé ọkọ̀ tútù ló yẹ kó pàdé Alákòóso? Ọ̀wọ̀ la fi mú un gbóná."

"Ẹ gbọ́?" ni Ẹ-Dìde wí, omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ohun tó sọ?"

"Ẹ jẹ́ ká ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbà náà, ká sì fi gun òkè."

"Háà! Kí ọkọ̀ la ẹnu sí Alákòóso lójú?"

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹ-Dìde wọlé, ó jókòó, ó mi orí, wọ́n ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀kalẹ̀, àtẹ́wọ́ sọ. Ó ní ẹsẹ̀ òsì ló ṣáájú, kò wu òun. Ó tún wọlé, ó tún sọ̀kalẹ̀. Ó gbìyànjú èyí tí èèyàn ti máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ díẹ̀, ó tún gbìyànjú èyí tí èèyàn ti máa ń di ojú. Títí gbogbo ìdánwò yìí fi parí, táyà ọkọ̀ náà kò yí rárá.

"Kí la tún lè fi kún un fún yín, sà?" ni olówò béèrè.

Ẹ-Dìde na ìka sí ara ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn láti inú. "Kí ni irin yìí ń ṣe níbí?"

"Òun lẹ máa fà, sà, tí ẹ bá fẹ́ ṣílẹ̀kùn."

"Èmi? Kí n fà?"

Olówò gbé ọwọ́ lé orí. Wọ́n yọ irin náà lọ́tùn-ún àti lósì, wọ́n yọ èyí tí wọ́n fi ń yí gíláàsì pẹ̀lú, wọ́n sì fi àrán pupa bo ìlẹ̀kùn méjèèjì látòkè délẹ̀. Lára ìta, wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kọ ọ́ gàdàgbà pé: ÈYÍ NI ALÁKÒÓSO FI ỌWỌ́ ARA RẸ̀ YÀN. Wọ́n gbé àga ńlá Ẹ-Dìde, tí wọ́n máa ń gbé tẹ̀lé e kiri kó má bàa jókòó sórí àga ẹlòmíràn, wọ́n tì í bọ inú bùùtù. Àga náà kún ibẹ̀.

"Ibo wá ni kí obìnrin dùbúlẹ̀ sí?" ni agbẹ̀bí béèrè.

"Ẹ jẹ́ ká ṣí ọkọ̀ fún aráyé ná," ni Ẹ-Dìde dáhùn. "Ọmọ lè dúró de ọ̀gá."

Agbẹ̀bí kò bá a jiyàn mọ́. Ó gba ilé bíríkìlà lọ, ó wọn ikùn ìyàwó rẹ̀, ó ní gbogbo nǹkan dára, ó sì ń wo ilẹ̀. Kò lè wo ọmọbìnrin náà lójú.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí ọkọ̀ náà pé. Ọ̀gá àgbà láti olú-iléeṣẹ́ wá, obìnrin kúkúrú kan tó gbé báàgì ara rẹ̀ lọ́wọ́, tó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́ tó rí. Wọ́n ti bẹ káfíńtà kó wá kan pèpéle tí Ẹ-Dìde máa dúró lé. Ó ti kàn án tán, wágọ̀nù eérú rẹ̀ sì wà lẹ́yìn pèpéle. Wágọ̀nù dúdú yọ láti kọ̀rọ̀ títì. Wọ́n ti tan án láti àárọ̀ kó má bàa kọ̀ wọ́n lójú àlejò. Ó rọra wá síwájú pèpéle, ó dúró, ẹnikẹ́ni kò mira. Ẹ-Dìde ń wo òkun.

Akọ̀wé ti ń ka oyè, ó ti dórí ti olórí kíláàsì, nígbà tí ariwo sọ lẹ́yìn èrò. Bíríkìlà ló ń bọ̀, ó ń sáré, ó ń ti bárò tó fi ń ru sìmẹ́ǹtì. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó di etí bárò mú lọ́tùn-ún lósì, eyín rẹ̀ pa pọ̀.

"Ìyá agbẹ̀bí dà? Omi ti ya! Ìyá agbẹ̀bí o!"

Agbẹ̀bí ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kàn án, ó sì yíjú padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Ọmọ wá ní ìdàkejì, ẹsẹ̀ ló ń ṣáájú. Òkè ni! Ẹ ṣí bùùtù yẹn!"

"Oyè kò tíì parí!" ni akọ̀wé ké.

"Parí rẹ̀ lójú ọ̀nà," ni ọ̀gá àgbà wí, ó sì bá wọn di ẹsẹ̀ àga ńlá náà mú. Wọ́n wọ́ ọ jáde, wọ́n jù ú sílẹ̀, wọ́n tẹ́ obìnrin náà sí ipò rẹ̀. Agbẹ̀bí rún ara rẹ̀ mọ́ ọn. Bùùtù kò lè padé mọ́, wọ́n fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí. Bíríkìlà fò sí àga iwájú.

Nínú ọkọ̀, Ẹ-Dìde mi orí. Kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn. Ó tún mi orí, eléyìí tún le díẹ̀. Dírẹ́bà ti tẹ iná.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀! Ayẹyẹ ń lọ lọ́wọ́!"

"Ọ̀gá, ẹ na ọwọ́ sẹ́yìn kó rí nǹkan dì mú," ni agbẹ̀bí wí, kí Ẹ-Dìde sì tó dáhùn, ìyàwó bíríkìlà ti gbá a ní èjìká mú láti ẹ̀yìn àga. Àwọn tó wà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà ṣì ń jiyàn títí dòní nípa ẹni tó ń rọbí nínú àwọn méjèèjì.

Wágọ̀nù dúdú gbá òkè mú tagbáratagbára. Ó gùn ún díẹ̀, ó mí hẹlẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, ó sì dákẹ́. Dírẹ́bà yí kọ́kọ́rọ́. Ó yí i, ó yí i, kò fọhùn.

Ìyàwó bíríkìlà gbé orí sókè, ó wo ìta láti ẹnu bùùtù. Ó mọ ibẹ̀. Ó mọ òkúta tó wà létí ọ̀nà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kì í ṣe ti ìrora mọ́.

"Ìyá, ẹ ní kò ní dúró."

Agbẹ̀bí tẹ orí ba. Láti ìgbà tó ti ń gbẹ̀bí, ojú kò tì í tó bẹ́ẹ̀ rí.

Dírẹ́bà ló sọ̀rọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. "Ẹ gbọ́. Ẹ gbọ́ ìsàlẹ̀ yẹn."

Ọkọ̀ kan ń gun òkè bọ̀, kò kánjú, ohùn rẹ̀ kò yí padà. Wágọ̀nù eérú ni. Káfíńtà ti rí èéfín dúdú náà láti ibi pèpéle, ó sì ti tẹ̀lé wọn. Ó ṣí bùùtù rẹ̀ kó tó dúró tán. Wọ́n gbé obìnrin náà láti inú bùùtù kan sínú èkejì. Agbẹ̀bí wọlé, bíríkìlà wọlé, dírẹ́bà wọlé kó lè bá wọn gbé e tí wọ́n bá dé ọ̀hún. Wágọ̀nù eérú gun òkè lọ, ó sì pòórá.

Ẹ-Dìde ńkọ́? Ó wà níbi tó wà. Ó ń mi orí.

Nígbà tó mi orí títí tí ọrùn ń dùn ún, tí oòrùn sì ti sọ inú ọkọ̀ di ààrò, ó ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó na ọwọ́ sí ìlẹ̀kùn. Ọwọ́ bá àrán. Ó fọwọ́ ra á lókè, ó ra á nísàlẹ̀, ó ra ti apá kejì. Àrán náà dára gan-an, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, ó sì kúnná. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ó ronú àtifò sórí àga iwájú, ikùn rẹ̀ kọ̀. Ìgbà yìí ló rí ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn, níbi tí wọ́n fi bùùtù sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Àwọn òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá àgbà ti ń fẹsẹ̀ rìn gun òkè bọ̀. Bí wọ́n ṣe yọ ní kọ́nà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí ni ìdí kan tó ń ti inú bùùtù bọ̀ díẹ̀díẹ̀, agbádá ti ya, omi ìbímọ ti rin ín gbingbin. Ẹsẹ̀ kan wá ilẹ̀ kiri, ó kan ilẹ̀.

Àtẹ́wọ́ sọ! Ẹ má bínú sí àwọn òṣìṣẹ́ náà. Wọ́n rí bàtà, bàtà kan ilẹ̀, ọwọ́ wọn ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka oyè olórí kíláàsì láti ibi tó ti dúró.

Ọ̀gá àgbà dúró títí wọ́n fi pàtẹ́wọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló béèrè jẹ́ẹ́ pé, "Ta ló yan ọkọ̀ yìí?"

Ẹ-Dìde fa agbádá tó ya mọ́ra. "Ẹ ṣeun fún ìbéèrè yẹn, mà. Ìgbìmọ̀ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ lápapọ̀. Èmi kàn wà níbẹ̀ ni, mo tilẹ̀ kìlọ̀ fún wọn pé..."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ohun tó wà lára rẹ̀. Mi ò mú awò ojú mi dání."

Ó wo ara ọkọ̀ náà. Ó wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó ń wá ẹni tó máa bá a kà á. Akọ̀wé, tí kò kọ̀ láti kàwé rí, ń wo ojú ọ̀run. Ẹ-Dìde kà á fúnra rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì kéré bíi ti ọmọ tó jí nǹkan jẹ.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí wágọ̀nù eérú sọ̀kalẹ̀ padà láti òkè. Káfíńtà yọ orí síta.

"Ó ti bí o! Obìnrin ni! Tìyá tọmọ, àlàáfíà ni!"

Àwọn òṣìṣẹ́ hó yèè. Àwọn kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú Ẹ-Dìde, wọ́n ń sunkún ayọ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí dìde. Ọ̀gá àgbà bá káfíńtà sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó wọ wágọ̀nù eérú náà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ìlẹ̀kùn dé. Láti ojú gíláàsì ló ti sọ fún Ẹ-Dìde pé, "Láti òní lọ, agbẹ̀bí ni alákòóso iléeṣẹ́. Àga yín wà lẹ́bàá pèpéle. Ẹ gbé e lọ sílé."

Wágọ̀nù eérú ti di ti iléeṣẹ́. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣì ń han, rédíò rẹ̀ kò sì tíì sọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ẹ-Dìde ń dá gun òkè lọ lẹ́sẹ̀, oòrùn mú, bàtà rẹ̀ ti kún fún eruku. Wágọ̀nù eérú bá a níbẹ̀, aláboyún kan wà nínú bùùtù, agbẹ̀bí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Agbẹ̀bí rí i, àánú rẹ̀ ṣe é. Ó ní kí dírẹ́bà dúró.

"Ọ̀gá, ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́. Ààyè wà níwájú. À ń kánjú o."

Ẹ-Dìde súnmọ́ ọkọ̀. Ó tún agbádá ṣe. Ó dúró, ó dojú kọ ìlẹ̀kùn, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ń wo iwájú bí ẹni tó ń wo òkun, ó sì mi orí lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n dúró dè é. Dírẹ́bà wo agbẹ̀bí. Aláboyún kérora.

"Jẹ́ ká máa lọ," ni agbẹ̀bí wí.

Ọkọ̀ gbéra, kò húkọ́, ó gun òkè lọ. Nígbà tí eruku rẹ̀ rọlẹ̀, Ẹ-Dìde ṣì wà níbẹ̀. Ó tún mi orí lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá wọn kò rí ti àkọ́kọ́.